Dàbínù dípò ṣúgà nínú sóbò: ìṣirò tó yẹ kí oníṣòwò Ajégúnlẹ̀ kọ́kọ́ ṣe

Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà síra wọn rárá, ṣùgbọ́n ohun tí ṣúgà ń ṣe fún ọ̀kan kọ́ ló ń ṣe fún èkejì. Ní èbúté Àpápá ni ọkọ̀ òkun ti ń já ṣúgà pupa kalẹ̀, tó jẹ́ pé orílẹ̀-èdè Brazil ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá bíi Dangote, BUA àti Golden Sugar ló ń fọ̀ ọ́ di funfun. Iléeṣẹ́ Dangote, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dún 2000, lágbára láti fọ ṣúgà tọ́ọ̀nù 1,440,000 lọ́dún kan. Ní Ajégúnlẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ọwọ́ àwọn tó ń ta sóbò, kunu àti omi òfìo lọ́jà Boundary àti lójú títì ni púpọ̀ nínú ṣúgà ń gbà dé ẹnu aráàlú. Bí ṣúgà bá wọ́n, àwọn wọ̀nyí ló kọ́kọ́ máa ń dùn.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ṣúgà pupa yẹn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ ọwọ́ kúrò lórí iye náírà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà lójú ìwé ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,500 náírà. Lóòótọ́, wọ́n ti ń ṣe ṣúgà láti ara ìrèké nílẹ̀ yìí láti ìgbà Bacita ní àárín ọdún 1960 sí 1970, ìjọba sì gbé ètò ńlá kalẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́dún 2012, ṣùgbọ́n èyí tó ń ti òkè òkun wọlé ṣì pọ̀ ju ti abẹ́lé lọ fíìfíì.

Ọ̀wọ́n yìí, pẹ̀lú ìbẹ̀rù àìsàn àtọ̀gbẹ, ló mú kí ọ̀pọ̀ alágbàtà ohun mímu máa wo ọ̀nà mìíràn. Dàbínù, èso tí àwọn mùsùlùmí fi máa ń ṣínu nígbà ààwẹ̀, ni wọ́n ń fi sínú ohun mímu báyìí. Òwò tó dára ni, àmọ́ ẹni tí kò bá ṣírò rẹ̀ dáadáa yóò máa tà á, yóò sì máa jẹ gbèsè.

Kí ló dé tí kì í fi í ṣe àjàrà?

Àṣà kí á fi èso ṣe adùn ti pẹ́ láyé. Ní Turkey, wọ́n máa ń fún omi èso àjàrà, wọn a sè é títí yóò fi ki bí oyin, wọn a sì pè é ní pekmez. Àwọn Lárúbáwá ń ṣe irú rẹ̀ láti ara àjàrà tàbí dàbínù, dibs ni wọ́n ń pè é.

Ohun tó mú kí ti àjàrà rọrùn fún wọn ni pé oko rẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú gíráàmù 100 èso àjàrà tútù, ṣúgà inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 16 lọ, omi ni èyí tó kù. Ẹni tó bá fẹ́ rí omi adùn tó ki kílò kan yóò se omi àjàrà bíi lítà mẹ́rin sí márùn-ún. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú àjàrà tí wọ́n ń tà l'Ékòó ti ń wá, ó sì wọ́n. Bí wọ́n bá ra àjàrà lówó gọbọi, tí wọ́n tún fi gáàsì lé omi rẹ̀ dànù, èrè ti bá èéfín lọ nìyẹn.

Dàbínù kò rí bẹ́ẹ̀. Oòrùn ti gbẹ ẹ́ kó tó dé ọjà. Nínú gíráàmù 100 rẹ̀, bí a bá yọ kóró kúrò, ṣúgà tó nǹkan bíi gíráàmù 65. Ilẹ̀ Hausa náà ni wọ́n ti ń gbìn ín, ní Jigawa, Katsina àti Yobe. Oyin ní tirẹ̀ ní nǹkan bíi gíráàmù 80.

Adùn ni kí wọ́n ṣírò, kì í ṣe ìwọ̀n

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọn a fi kílò dàbínù wé kílò ṣúgà, bẹ́ẹ̀ adùn wọn kò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí á mú sóbò lítà mẹ́wàá, tó jẹ́ ike ogún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìdajì lítà. Ká ní ṣúgà gíráàmù 700 ni wọ́n ń fi sí i. Kí dàbínù tó fún un ní adùn yẹn, yóò tó kílò kan àti gíráàmù 80 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ kóró. Kóró sì tó bí ìdá kan nínú mẹ́wàá èso, nítorí náà kílò 1.2 ni wọ́n yóò rà.

Ká fi owó àpẹẹrẹ sí i. Bí kílò ṣúgà bá jẹ́ 1,500 náírà, gíráàmù 700 jẹ́ 1,050 náírà. Bí kílò dàbínù bá jẹ́ 3,000 náírà, kílò 1.2 jẹ́ 3,600 náírà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,550 náírà. Bí wọ́n bá pín in sórí ike ogún, owó tó lé lórí ike kan jẹ́ 127 náírà àti àádọ́ta kọ́bọ̀.

Bí ẹni tó ń tà á bá fi 100 náírà péré lé owó ike kan nítorí pé dàbínù ló fi sí i, á pàdánù 550 náírà lórí ike ogún. Bó bá fi 150 náírà lé e, á jèrè 450 náírà. Gáàsì àti wàhálà kò tíì sí nínú rẹ̀ o. Iye ọjà máa ń yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò rẹ̀ kò yí padà. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ kò lè san àlékún yẹn lè pa méjèèjì pọ̀, kó fi ìdajì adùn sílẹ̀ fún ṣúgà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Wọn yóò ṣa dàbínù, wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò sì yọ kóró. Wọn yóò rẹ kílò kan sínú omi gbígbóná lítà méjì títí yóò fi rọ̀, wọn yóò sè é fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọn yóò fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, wọn yóò sì tún gbé omi rẹ̀ ka iná kékeré títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ṣíbí. Èyí tó ki dáadáa ló ń pẹ́. Èyí tó bá ṣàn bí omi yóò kan láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nínú sísẹ́ yìí, díẹ̀ nínú adùn máa ń bá ṣáká rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lọ dàbínù kúnná mọ́ ohun mímu wọn.

Ẹ má pè é ní "kò sí ṣúgà"

Ọ̀rọ̀ tó léwu jù nínú òwò yìí ni èyí tí wọ́n ń kọ sára ike. Ṣúgà ni ṣúgà inú dàbínù, oyin àti àjàrà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2015 pé kí ṣúgà tí wọ́n fi kún oúnjẹ, àti èyí tó wà nínú oyin, omi adùn àti omi èso, má ṣe ju ìdá kan nínú mẹ́wàá okun tí èèyàn ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́ lọ. Ìyẹn tó nǹkan bíi gíráàmù 50 fún àgbàlagbà. Alátọ̀gbẹ tó mu sóbò oní-dàbínù nítorí pé wọ́n kọ "kò sí ṣúgà" sí i lára lè bá ara rẹ̀ nílé ìwòsàn. "Dàbínù ni adùn rẹ̀" ni òótọ́ tó yẹ kí wọ́n kọ. Ẹni tó bá lo oyin pẹ̀lú gbọ́dọ̀ kìlọ̀ pé kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ẹni tó bá sì fẹ́ tà á ní ṣọ́ọ̀bù ńlá gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà NAFDAC.

Adùn tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ṣúgà kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Èso ewé eéran, ewé tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, ní èròjà thaumatin, tó dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2,000. Àwọn òyìnbó yọ ọ́ jáde lọ́dún 1972, iléeṣẹ́ Tate & Lyle sì sọ ọ́ di ọjà. Ewé rẹ̀ là ń tà, àwọn mìíràn ló ń ta èso rẹ̀.

Títí tí ìyẹn yóò fi dé Ajégúnlẹ̀, kí ẹni tó ń ta sóbò ra ìwọ̀n kékeré, kó wọn dàbínù rẹ̀, kó pín owó rẹ̀ sórí ike kọ̀ọ̀kan, kó tó dá iye lé ọjà rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iye tí adùn ń ná an ni ajé yóò gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀.