Ṣé Obìnrin Nìkan Ni Ó Ń Yàgàn?

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí ohun tí ó ń tú ọ̀pọ̀ ilé ká láàárín wa. Bí ọdún kan tàbí méjì bá kọjá lẹ́yìn yìgì tí ìyàwó kò lóyún, òun ni ẹbí ọkọ máa ń kọjú sí. Òun ni wọn yóò mú lọ sọ́dọ̀ àáfáà, òun ni yóò mu àgbo, wọn yóò sì tún fẹ́ ìyàwó kejì lé e lórí. Ta ni ó yẹ ọkọ wò? A ó kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn onímọ̀ rí lára ẹran ọ̀sìn, lẹ́yìn náà a ó wo ohun tí ẹ̀sìn wa wí.

Ìwádìí lára àkùkọ àti màlúù

Ní ọdún 1949, Christopher Polge, ọ̀dọ́ onímọ̀ tí kò tíì ju ọmọ ọdún 23 lọ, ń ṣe ìwádìí ní Mill Hill ní ìlú London pẹ̀lú Audrey Smith àti Alan Parkes. Wọ́n ń wá ọ̀nà tí àtọ̀ àkùkọ yóò fi wà nínú òtútù líle, ní digíríì 79 nísàlẹ̀ òdo, tí kò ní kú. Omi ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kò ràn án. Ṣùgbọ́n ìgò kan mú èsì rere wá. Nígbà tí wọ́n yẹ ìgò náà wò, wọ́n rí i pé ìwé ara àwọn ìgò ti dàrú: kì í ṣe omi ṣúgà ni ó wà níbẹ̀, bí kò ṣe gílísáríìnì, irú èyí tí à ń fi para nígbà ọyẹ́, pẹ̀lú funfun ẹyin. Gílísáríìnì ni ó ń dín yìnyín tí ó ń ba àtọ̀ jẹ́ kù.

Ní 1951, wọ́n bí ọmọ màlúù kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti inú àtọ̀ tí ó ti di yìnyín. Ní 1953, Bunge àti Sherman ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, ròyìn pé àwọn obìnrin ti lóyún láti inú àtọ̀ ènìyàn tí a tọ́jú bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í lo àtọ̀ akọ màlúù láìyẹ̀ ẹ́ wò. Wọn a wo bí ó ti pọ̀ tó, bí ó ti ń rìn àti bí ó ti rí. Akọ kan lè gun abo 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àtọ̀ rẹ̀ kò bá dára, gbogbo wọn ni kò ní lóyún. Olùsìn tí ó bá ń ta àwọn abo dànù, tí ó fi akọ sílẹ̀, òfò ni yóò máa ṣe. Bí a bá ń ṣe èyí fún ẹran, kí ló dé tí a kò ṣe é fún ọmọ ènìyàn?

Ohun tí ó yẹ kí ọkùnrin mọ̀

1. Pé ọkùnrin lè bá ìyàwó rẹ̀ sùn kò fi hàn pé àtọ̀ rẹ̀ lè di oyún. Ọ̀tọ̀ ni akúra, ọ̀tọ̀ ni àtọ̀ tí kò lágbára. Ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ náà.

2. Nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí ń wá ọmọ, ọwọ́ ọkọ wà nínú ohun tí ó fà á, yálà òun nìkan tàbí òun àti ìyàwó.

3. Ní ilé ìwòsàn, ọkọ yóò yẹra fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7 kí ó tó mú àtọ̀ wá fún àyẹ̀wò. Bí èsì kò bá dára, wọn a tún un ṣe, nítorí pé àtọ̀ ń gbà ju oṣù méjì lọ kí ó tó gbó. Ibà líle ti oṣù tó kọjá lè hàn nínú rẹ̀. Àtọ̀sí tí a kò wò, sìgá àti ooru tí ó pọ̀ jù lè bà á jẹ́.

Ohun tí ẹ̀sìn wí

Nínú Súúrà Ash-Shúrà, áyà 49 àti 50, Ọlọ́hun jẹ́ kí á mọ̀ pé Òun ni ó ń fún ẹni tí ó wù Ú ní ọmọbìnrin, ọmọkùnrin tàbí méjèèjì, Òun náà ni ó sì ń sọ ẹni tí ó wù Ú di aláìlọ́mọ. Kò pe obìnrin nìkan níbẹ̀. Ànábì Sakariyáù, nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ àìbímọ ìyàwó rẹ̀, dárúkọ ogbó ti ara rẹ̀ pẹ̀lú. Kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì pàṣẹ fún wa láti wá ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n ààlà wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1986, ní ìlú Amman ní Jọ́dánì, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ Fíkíhì ti àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí ṣàlàyé pé bí ó bá di dandan, dókítà lè fi àtọ̀ ọkọ ran ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, tí yìgì bá ṣì wà láàárín wọn, tí a sì ṣọ́ra gidigidi. Àtọ̀ ọkùnrin mìíràn jẹ́ èèwọ̀. Màlúù kò ní ìdílé, kì í sì í jogún. Ọmọ ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ bàbá rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin arákùnrin wa, bí ọdún kan bá kọjá tí oyún kò dé, ẹ tẹ̀ lé ìyàwó yín lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì jọ ṣe àyẹ̀wò ní ọjọ́ kan náà. Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ má ṣe dá ẹrù náà rù. Kí tọkọtaya sì jọ máa tọrọ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, nítorí àyẹ̀wò kì í bímọ, Ọlọ́hun ni ó ń fúnni.

Kí Ọlọ́hun fi ọmọ rere ta gbogbo àwọn tí ń wá a lọ́rẹ. Àmín.