Ó Fọ́, Ó Sán, Ó Kán

Yorùbá tó bá ti pẹ́ ní Ìlú Bìní, "gíláàsì" kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀: ti omi ni, ti fèrèsé ni. Àwọn Ẹ̀dó tó gbà á lálejò kì í da tiwọn pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ukpu ni ife lọ́dọ̀ wọn, ogo ni ìgò. Ogo àti ìgò sì jọra bí ọmọ ìyá. Yorùbá náà ní tiwọn: ife ni wọ́n fi ń mu, ìgò ni wọ́n ń rọ ọtí sí, dígí ni ti fèrèsé.

Ìyàtọ̀ yìí wúlò fún ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ife àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń mu wáìnì, èyí tí àwọn olùkójọ ń wá káàkiri. Nígbà tí Thomas Wyndham, ọ̀gákọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wa ọkọ̀ wá ra ata ní Bìní ní 1553, irú ife náà kò tíì délé ayé. Ní 1674 ni George Ravenscroft, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣe ife, gba àṣẹ ìjọba lórí tirẹ̀. Kò pẹ́ tó fi òjé kún èròjà rẹ̀. Òjé ló mú kí ife náà wúwo, kó mọ́ gaara, kó sì dún gooro bí èèkánná bá kàn án.

Ẹ̀yà ara ni Yorùbá fi ń pe ara ife: etí, ikùn, ìdí. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé ikùn dúró. Ìdí ló jókòó lórí tábìlì, bí Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ń pè é ní ẹsẹ̀. Abẹ́ ìdí yìí ni olùkójọ kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, nítorí àpá ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ife kúrò lára ọ̀pá irin sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n irú ìbàjẹ́ tó bá ife ni ọ̀rọ̀ owó wà gan-an. Ife tó fọ́ ti di àfọ́kù. Èyí tó sán ṣì dúró, àmọ́ ìlà ti wà lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló máa ń kán. Ẹni tó bá fi "ó ti bàjẹ́" pe gbogbo rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó fẹ́ rà á.

Ó ku ọ̀rọ̀ "tòkunbọ̀". Òótọ́ ni pé ife náà ti òkun bọ̀, ṣùgbọ́n àlòkù lásán ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ báyìí. Ẹni tó bá fi polówó ife ọdún 1750 ní Ọjà Ọba ní Bìní, iye ife ṣáyínà ni wọn yóò dá lé e.