Àwo àti Akàwo: Orúkọ Àwọn Ẹ̀rọ Àgbéléwò

1. Ìfáárà
Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni orúkọ tí ó yẹ àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń wo sinimá nínú ilé. Èdè wa ti pèsè 'àgbéléwò' fún irú eré bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, a ó pe àkójọ ẹ̀rọ náà ní 'ẹ̀rọ àgbéléwò'. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹwà èdè lásán. Ọ̀pọ̀ eré Yorùbá ni a tà lórí VCD. Ẹni tí ó bá ń pe gbogbo àwo ní 'síídì' lè ra ẹ̀rọ tí kò ní í lè fi èyí tí ó ní lọ́wọ́ hàn.

2. Àwo
Bí a bá fi ojú lásán wò wọ́n, ọ̀kan náà ni CD (1982), VCD (1993), DVD (1996) àti Blu-ray (2006): ìbú àwo kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12. Ìtànṣán lésà tí a fi ń kà wọ́n ni ó yàtọ̀. Ti CD àti VCD jẹ́ nánómítà 780, ojú kò sì lè rí i. Ti DVD jẹ́ 650, ó pupa. Ti Blu-ray jẹ́ 405, ó sún mọ́ àwọ̀ aró. Bí ẹnu kálàmù bá ti tín-ín-rín tó ni lẹ́tà tí ojú ìwé kan lè gbà ṣe ń pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ ni ìpele kan DVD ṣe ń gba báìtì bílíọ̀nù 4.7, tí ti Blu-ray ń gba bílíọ̀nù 25. A dábàá pé:
CD: àwo-orin
VCD: àwo-fídíò
DVD: àwo-sinimá
Blu-ray: àwo ìtànṣán-aró
Kí olùkọ́ má ṣe fi àmì ohùn sílẹ̀, kí 'àwo' má baà di 'awo'.

3. Akàwo
Bí a ti ní 'akàwé' láti ara 'kàwé', a lè ṣẹ̀dá 'akàwo' láti ara 'ka àwo'. Ṣùgbọ́n kíkà yàtọ̀ sí òye. Ẹni tí ó mọ ABD lè pe ọ̀rọ̀ Potogí jáde láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bákan náà, akàwo ìtànṣán-aró lè ní lésà tí ń ka CD, kí ó má sì mọ ètò àwòrán inú VCD. Ẹni tí yóò rà á ní láti wá orúkọ VCD nínú ìwé ìlò rẹ̀.

4. Kọ̀ǹpútà
'Ayára-bí-àṣá' dára, ṣùgbọ́n ìyára nìkan ni ó ń sọ. Kọ̀ǹpútà kì í di akàwo àfi bí ó bá ní ohun méjì: ẹnu-àwo, èyí tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun kò ní mọ́, tí a sì lè rà lọ́tọ̀ kí a fi wáyà so mọ́ ọn, àti ètò tí yóò túmọ̀ àwòrán.

5. Àmì-ẹkùn
Àwọn tí ń ta sinimá sábà máa ń fi àmì-ẹkùn de àwo. Ní ti DVD, Nàìjíríà wà ní ẹkùn 5, Bìrìtìkó ní 2, Amẹ́ríkà ní 1. Ní ti Blu-ray, Nàìjíríà àti Bìrìtìkó jọ wà ní B, Amẹ́ríkà ní A. Àwo tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù lè tipa bẹ́ẹ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn.

6. Àgbálọgbábọ̀
A ti rí i pé ìrísí kò tó láti fi sọ àwo lórúkọ. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti ìtànṣán tí ń kà á ni kí a gbé yẹ̀ wò. Orúkọ tí ó bá fi èyí hàn yóò ran òǹkàwé lọ́wọ́ kí owó rẹ̀ tó jáde lápò.