Oúnjẹ Tó Ṣara Lóore Pẹ̀lú Owó Kékeré

Gbogbo àwa tí à ń gba owó ìfẹ̀yìntì mọ̀ pé owó ọjà kò tó ná mọ́. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti gun orí ẹ̀wà àti tòmátì tí ń ti Òkè Ọya wá. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2024, ìṣirò ìjọba fi hàn pé owó oúnjẹ fi ìdá 40 nínú 100 ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ.

Àwa náà ṣe àṣìṣe nígbà náà. A yọ ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin kúrò nínú ohun tí à ń rà, a wá ń fi ẹ̀bà àti búrẹ́dì dí ikùn àwọn ọmọ-ọmọ wa. Wọ́n ń yó, ṣùgbọ́n olùkọ́ àbúrò ránṣẹ́ sí wa pé ó ń sùn ní kíláàsì. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ojú tì wá, nítorí a ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òtítọ́ ni pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n yíyó nìkan kò tó fún ọmọ tí ń dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí ohun mẹ́rin:

1. Ẹ̀wà. Gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ ní èròjà tí ń mú ara dàgbà tó nǹkan bí i ẹyin mẹ́rin. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò owó ẹyin mẹ́rin kí ẹ tó sọ pé ẹ̀wà wọ́n. Àdàlú tí àwọn ìyá wa ń sè dára púpọ̀, nítorí ohun tó dín nínú ẹ̀wà, àgbàdo ní in.

2. Ẹ̀fọ́ àti epo. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewúro yóò hù ní ẹ̀yìnkùlé, kódà nínú báàfù tó ti lu. Ọsàn tí a bá jẹ lẹ́yìn ẹ̀fọ́ ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Tíì tí a bá mu lẹ́yìn rẹ̀ ń dí i lọ́wọ́. Ẹ má ṣe yan epo pupa títí yóò fi funfun, nítorí ohun tó ń ṣe ojú lóore inú rẹ̀ yóò jóná.

3. Ẹja ṣawá, edé àti irú. Àwọn wọ̀nyí lè gba ipò ẹran nínú ọbẹ̀.

4. Àkókò àti ìwọ̀n. Ẹ ra nǹkan nígbà tó bá pọ̀. Ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́ tàbí ní ọjà Oǹdó, ẹ wo ìdí kóńgò dáadáa, nítorí òmíràn ti tẹ̀ wọnú. Obìnrin mẹ́fà lè dá owó ra àpò ẹ̀wà kan, kí wọ́n pín in.

Owó búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a dáwọ́ dúró ni a fi ń ra ẹ̀wà àti ṣawá báyìí. Pẹ̀lú oògùn tí wọ́n fún un, ọmọ náà ti jí sí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
(a) Kí ni à ń rà tí kò ṣe ara wa lóore?
(b) Ta ni nínú wa tí kò rí owó kóńgò ẹ̀wà kan, tí ojú ń tì láti sọ? Báwo ni a ó ṣe ràn án lọ́wọ́ láìdójú tì í?