Sípíríǹgì àti Ṣọ́ọ̀kì: Èdè-Ìperí fún Ìrọ̀rùn Ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù

1. Ìfáárà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ ẹni tí ó ń wá èdè-ìperí fún ẹ̀yà ara ọkọ̀ mu, nítorí pé iṣẹ́ tí ẹ̀yà náà ń ṣe ni ilé tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yà méjì tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti ara rẹ̀ ni iṣẹ́ yìí dá lé. Lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n ń jẹ́. Kò ṣọ̀wọ́n, síbẹ̀, kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ pe méjèèjì pọ̀ ní ṣọ́ọ̀kì. Àdàpọ̀ orúkọ yìí kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: ó lè mú kí ènìyàn fi owó ra ohun tí kò ní wo àìsàn ọkọ̀ rẹ̀ sàn.

Àpẹẹrẹ tí ó wà nítòsí ni Toyota Hilux, tí ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Nínú ìran rẹ̀ tí ó jáde ní 2015, irin tí ó ká bí ejò ni ó gbé iwájú ọkọ̀, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ sì ń dá rìn. Ní ẹ̀yìn, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn ni ó gbé ẹrù, ọ̀pá kan ṣoṣo ni ó sì so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní tuntun, tí ó wà á lófìfo gba ojú ọ̀nà tí ó kún fún kòtò, yóò rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Ìbéèrè náà ni pé, èwo nínú ẹ̀yà méjèèjì ni ó fà á?

2. Iṣẹ́ Sípíríǹgì

Sípíríǹgì ni ó ń gbé ìwúwo ọkọ̀. Òun náà ni ó ń tẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá gun òkè tàbí kó sí kòtò, tí ó sì tún ń nà padà. Ní 1678, Robert Hooke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé òfin tí irú irin bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀ lé jáde: bí agbára tí ó tẹ irin bá di ìlọ́po méjì, ìtẹ̀ irin náà yóò di ìlọ́po méjì, níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì kọjá ààlà rẹ̀.

Láti inú òfin yìí ni a ti lè ṣírò bí ọkọ̀ yóò ti máa mì. Lílọ sísàlẹ̀ àti pípadà sókè lẹ́ẹ̀kan ni ìmì kan. Bí ìwúwo ọkọ̀ bá tẹ irin ní sẹ̀ǹtímítà 25, ọkọ̀ náà yóò mì ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí ó rọra. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6.25 péré ni ó tẹ̀ ẹ́, ìmì náà yóò di méjì. Bí ìtẹ̀ ṣe ń dín kù ni ìmì ń yára sí i, tí ara èrò kò sì ní ìsinmi.

Ìdí nìyí tí píkọ́ọ̀pù òfìfo fi ń le koko. Wọ́n ṣe irin ẹ̀yìn rẹ̀ láti gbé ẹrù wúwo. Nígbà tí kò sí ẹrù, irin náà kò tẹ̀ tó. Kì í ṣe àbùkù ni. Ẹrù ni irin náà ń retí.

3. Iṣẹ́ Ṣọ́ọ̀kì

Ṣọ́ọ̀kì kì í gbé ìwúwo ọkọ̀. Páìpù tí ó ní òróró nínú ni, ọ̀pá kan sì ń wọ inú rẹ̀, ó ń jáde. Nígbà tí ọ̀pá yìí bá ń rìn, òróró a máa fi agbára gba inú ihò tóóró kọjá; agbára ìmì a sì di ooru, tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ. Bí kò bá sí i, sípíríǹgì yóò máa mì lọ, yóò máa mì bọ̀, lẹ́yìn tí kòtò ti kọjá.

Nítorí náà, bí olùtumọ̀ bá tú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní tààrà, pé ó jẹ́ ohun tí ń gba ìjàgbà mọ́ra, ó ti ṣìnà. Sípíríǹgì ni ó kọ́kọ́ ń gba ìjàgbà náà. Ṣọ́ọ̀kì ni ó ń pa ìmì tí ó tẹ̀ lé e.

4. Àtúnṣe tí Ó Bá Àìsàn Mu

Ohun tí kò náni lówó ni ó yẹ kí ó ṣíwájú: wíwọn afẹ́fẹ́ táyà, kí ó bá iye tí ilé iṣẹ́ kọ sára ọkọ̀ mu. Àpọ̀jù afẹ́fẹ́ a máa mú ọkọ̀ le; àìtó rẹ̀ a máa mú táyà gbóná, ó sì léwu.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n sì jù ú sílẹ̀. Bí ó bá ń fò léraléra, tàbí tí òróró ń jò lára ṣọ́ọ̀kì, ṣọ́ọ̀kì ni ó ti kú. Ṣọ́ọ̀kì tí gáàsì náítírójìn wà nínú rẹ̀ wúlò fún ọ̀nà jíjìn tí kò dán, nítorí pé gáàsì náà kì í jẹ́ kí òróró tètè hó.

Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá le lófìfo, tí ó sì rọ̀ nígbà tí ó bá ru ẹrù, sípíríǹgì ni kí wọ́n wò. Irin onípele tí ìpele òkè rẹ̀ rọ̀, tí ìpele ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, tí kì í sì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi tí ẹrù bá dé, ni oògùn rẹ̀. Fífi irin kún irin fún ọkọ̀ tí kì í ru ẹrù yóò dá kún ìyà ni. Bákan náà ni táyà ńlá àti rímù wúwo: sípíríǹgì kò gbé wọn, bí wọ́n bá sì ti wúwo tó ni ó ṣòro tó láti pa ìmì wọn.

5. Àbá Èdè-Ìperí

(i) Irin atẹ̀túnnà: sípíríǹgì, nítorí pé ó ń tẹ̀, ó sì tún ń nà. Èyí tí ó wà ní iwájú ni irin atẹ̀túnnà kíká. Èyí tí ó wà ní ẹ̀yìn ni irin atẹ̀túnnà onípele.
(ii) Adámìdúró: ṣọ́ọ̀kì, nítorí pé ó ń dá ìmì dúró. Kò lè dà rú mọ́ bíréèkì, nítorí pé ìmì ni ó ń dá dúró, kì í ṣe ọkọ̀.
(iii) Ètò ìpẹ̀tù-ìmì: àpapọ̀ gbogbo ẹ̀yà náà. Ìtumọ̀ tààrà tí ó sọ pé wọ́n gbé ọkọ̀ kọ́ kò fi iṣẹ́ wọn hàn.
(iv) Ìwúwo àìgbé: táyà, rímù àti ohun gbogbo tí irin atẹ̀túnnà kò gbé.

6. Àgbálọgbábọ̀

Kò sí ìdí láti lé sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì kúrò ní ẹnu àwọn mẹkáníìkì. Ohun tí ó yẹ olùkọ́ àti olùtumọ̀ ni kí wọ́n ya ẹni tí ó ń gbé ẹrù sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó ń pa ìmì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ adámìdúró kò ní retí pé kí ó gbé ẹrù. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ irin atẹ̀túnnà yóò mọ ibi tí ó yẹ kí ó wò nígbà tí píkọ́ọ̀pù tuntun bá ń jù ú sókè.