IṢẸ́ TÍ A DÁ DÚRÓ: Ẹ̀KỌ́ LÁTI ERÉKÙṢÙ ZANZIBAR



 Nínú ẹ̀kọ́ wa tòní, ẹ jẹ́ kí a rìn dé Zanzibar, lórí òkun Íńdíà, tí ó jẹ́ ara orílẹ̀-èdè Tànsáníà. Unguja àti Pemba ni erékùṣù ńlá méjì tí ó wà níbẹ̀, mùsùlùmí sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ará ibẹ̀. Ọ̀tá méjì tí wọ́n ti ń bá jà tipẹ́ ni a fẹ́ yẹ̀ wò: ẹ̀fọn àti ẹyẹ kannakánná.

1. Ẹ̀FỌN

Abo ẹ̀fọn nìkan ní ń mu ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹyin tí ó fẹ́ yé. Inú omi ni ó ń yé e sí, kò sì ju bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ tí tanwíjí yóò fi di ẹ̀fọn tí ń fò.

Láti ọdún 1958, ìjọba Zanzibar àti Àjọ Ìlera Àgbáyé gbógun ti ibà. Wọ́n ń fọ́n oògùn DDT sí ara ògiri ilé. Nígbà tí ó fi di 1968, kò tó ènìyàn márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tí a ń bá kòkòrò ibà lára rẹ̀ ní Unguja. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró. Kò pẹ́, kò jìnnà, ibà padà sí ibùgbé rẹ̀ àtijọ́.

Ó di 2003 kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn aláìsàn ní oògùn tuntun tí ó gbéṣẹ́, ó sì di 2006 kí àwọ̀n ẹ̀fọn àti oògùn ara ògiri tó kárí. Láàárín ọdún díẹ̀, ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ojú omi ń ti Dar es Salaam wọlé, èrò inú rẹ̀ sì lè gbé kòkòrò ibà wọ̀lú nínú ẹ̀jẹ̀ láìmọ̀. Ní ìparí 2023, ibà tún gbérí. Òkun kì í ṣe ìlẹ̀kùn.

2. KANNAKÁNNÁ

Ẹyẹ yìí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Láàárín 1890 sí 1899, nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n kó o wá láti Íńdíà, kí ó lè máa bá wọn jẹ pàǹtírí inú ìlú. Ó jẹ pàǹtírí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń kó ẹyin adìẹ, ó ń gbé òròmọdìẹ, ó sì ń pa ọmọ àwọn ẹyẹ onílé. Ní àwọn ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1990, wọ́n pa á lọ́pọ̀lọpọ̀ títí iye rẹ̀ fi já wálẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí owó iṣẹ́ náà tán, wọ́n dáwọ́ dúró. Ẹyẹ náà sì tún kún ìlú.

3. KÍ NI A RÍ KỌ́?

Ìkíní: Bí wọ́n bá ti gbá pàǹtírí náà ni, kì bá tí sí pé wọ́n ń wá ẹyẹ. Iṣẹ́ tí a sá fún máa ń bí iṣẹ́ tí ó le jù ú lọ.

Ìkejì: Ibi tí ọ̀tá ti ń bímọ ni kí á ti lọ ká a mọ́. Ní Makunduchi, ní Unguja, ní 1988, wọ́n da hóró fóòmù funfun kéékèèké sínú ihò ṣáláńgá. Hóró náà léfòó, ó bo ojú omi, ẹ̀fọn tí ń fa jàbùtẹ̀ kò sì rí ibi yé sí mọ́. Wọ́n tún fún àwọn ará ìlú ní oògùn lò.

Ìkẹta: Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé iṣẹ́ tí a dúró tì ni Ọlọ́hun fẹ́ràn jù, bí ó tilẹ̀ kéré.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní ilé-kéwú tí mo ti ń kọ́ni, a ṣe ìmọ́tótó ńlá kan, a ya fọ́tò, a sì túká. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọmọ kékeré kan wá bá mi: "Àáfà, ẹ wá wo nǹkan tó ń jó nínú omi àlùwàlá." Tanwíjí ni! Èmi ni wọ́n fi ìdérí àgbá náà sí níkàáwọ́. Ojú tì mí. Irú omi mímọ́ inú àgbá àti inú táyà bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn tí ń gbé ibà dengue, tí ń jẹni lọ́sàn-án, fẹ́ràn láti yé sí. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Jímọ̀ ni àwa àti àwọn ọmọ ń da omi náà nù, tí a ń fọ inú àgbá, tí a sì ń dé e. Kò gbà wá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
(i) Kí ló dé tí ibà fi padà sí Zanzibar lẹ́yìn 1968?
(ii) Iṣẹ́ wo ni ẹ̀ka ẹgbẹ́ yín bẹ̀rẹ̀ tí ẹ kò parí? Ta ni yóò máa bójú tó o láti Jímọ̀ tí ń bọ̀?

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí á jẹ́ abẹ̀rẹ̀-má-parí. Aamin.