Owó Tó Wà Nínú Báàgì, Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Kó Wà Lẹ́nu

Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2017, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó sì ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, ń bọ̀ wálé láti Houston. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tu owó jọ, torí ó fẹ́ ṣí ilé ìwòsàn kékeré fún àwọn obìnrin àti ọmọdé nílẹ̀ yìí. Dọ́là 41,377 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó wọ ọkọ̀ òfurufú ni àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà dá a dúró, wọ́n yẹ ẹrù rẹ̀ wò, wọ́n sì gba gbogbo owó náà pátá. Wọn kò fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kankan kàn án. Ohun tí wọ́n rí mú ni pé kò kọ owó náà sílẹ̀ fún ìjọba kó tó máa gbé e jáde. Ó di oṣù karùn-ún ọdún 2018, lẹ́yìn tó ti pe ìjọba lẹ́jọ́, kí owó náà tó padà sí i lọ́wọ́.

Ìtàn yìí ni mo fi ṣíde ẹ̀kọ́ wa, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin yìí lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ló gbà pé òfin kò fẹ́ kí ènìyàn gbé ju dọ́là 10,000 lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbé dọ́là 50,000 wọ Amẹ́ríkà, kò sí òfin tó ní kí ẹ má gbé e. Ohun tí òfin ń béèrè ni pé kí ẹ sọ. Owó kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, ìdákẹ́ ni.

Láyé àwọn baba wa, oníbodè ló ń jókòó lẹ́nu odi ìlú. Alárobọ̀ tó bá ru ẹrù dé yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, yóò sọ ohun tó rù, yóò san owó ibodè, yóò sì kọjá. Nítorí náà, bí a bá ti gbọ́ pé kí a kéde owó, ọkàn wa a lọ sí owó ibodè, a ó sì máa rò pé wọ́n fẹ́ yọ nínú rẹ̀. Ẹ gba èyí sọ́kàn: kíkéde owó kì í ṣe sísan owó orí. Wọn kò ní gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ ó kọ iye tó jẹ́, ibi tó ti wá, ẹni tó ni ín àti ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá ti mọ́, ẹ ó gbé owó yín, ẹ ó máa lọ.

Ọdún 1970 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin rẹ̀ lórí èyí, kí àwọn tó ń ta oògùn olóró àti àwọn tó ń sá fún owó orí má baà máa fi àpò gbé owó kọjá. Dọ́là 5,000 ni wọ́n fi ṣe ààlà nígbà náà. Ní 1984, wọ́n sọ ọ́ di 10,000, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di òní. Ohun tí dọ́là 10,000 lè rà ní 1984, kò lè ra ìdajì rẹ̀ mọ́ báyìí. Òfin tí wọ́n ṣe nítorí oníṣòwò oògùn olóró wá ń mú ìyá tó fẹ́ kọ́lé sí Òṣogbo. Lójú tèmi, ó ti pẹ́ tó yẹ kí wọ́n gbé e sókè. Ṣùgbọ́n bí òfin ṣe rí lónìí la ń kọ́, kì í ṣe bó ṣe yẹ kó rí.

Ẹ wá fara balẹ̀ síbi tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ kékeré ló dá ìyàtọ̀ sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti ní Nàìjíríà, bí owó bá *ju* dọ́là 10,000 lọ ni kíkéde di dandan. Ní Ìlú Ọba, bó bá ti *pé* pọ́n-ùn 10,000 ni. Ní Jámánì, Faransé àti àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ wọn ní Yúróòpù, bó bá ti pé yúrò 10,000 ni. Ẹni tó gbé pọ́n-ùn 10,000 géérégé dé London, tó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò kọjá ààlà, ti wà lórí ààlà náà. Bó bá dákẹ́, ìtanràn rẹ̀ lè tó pọ́n-ùn 5,000.

Gbogbo owó tó wà lára yín la ń pa pọ̀: náírà, sẹ́fà, dọ́là, pọ́n-ùn, ohunkóhun tó bá jẹ́ owó ìlú kan. Ṣẹ́ẹ̀kì ìrìn-àjò wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ṣẹ́ẹ̀kì tí ẹnikẹ́ni tó bá mú un dání lè gba owó rẹ̀. Lábẹ́ òfin Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2021, owó ẹyọ wúrà náà ti bọ́ sínú ìṣirò. Owó tó wà ní báńkì yín, tí ẹ ó máa fi káàdì ná, kò sí nínú rẹ̀.

Ibi tí àwọn ìdílé wa ti máa ń ṣubú rèé. Ká ní bàbá, ìyá àti ọmọ wọn jọ ń lọ sí Manchester. Wọ́n pín owó sí mẹ́ta, oníkálukú di pọ́n-ùn 4,000 mọ́ra, ọkàn wọn sì balẹ̀. Pọ́n-ùn 12,000 ni aṣọ́bodè yóò kà, nítorí ìdílé kan tó jọ ń rìn, àpò kan ni lójú òfin Ìlú Ọba. Amẹ́ríkà náà ń ṣírò owó àwọn tó jọ ń rìn pọ̀. Ibẹ̀ gan-an, bó bá hàn pé ṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pín owó kí wọ́n má baà kéde rẹ̀, pípín náà ti di ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ òfin yìí gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1994, Hosep Bajakajian, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin wọn ń fi Los Angeles sílẹ̀ lọ sí Cyprus. Ajá tí wọ́n kọ́ láti máa gbóòórùn owó ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Àwọn òṣìṣẹ́ bi wọ́n léèrè, wọ́n ní dọ́là 15,000 ló wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n tú ẹrù, dọ́là 357,144 ni wọ́n bá. Kì í ṣe owó ìbàjẹ́. Gbèsè tó tọ́ ni ọkùnrin náà fẹ́ lọ san, ẹ̀rù ìjọba ló sì mú kó purọ́, nítorí pé ará Àmẹ́níà tí wọ́n bí ní Síríà ni, àwọn ènìyàn rẹ̀ kì í sì í gbẹ́kẹ̀ lé ìjọba níbẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, àwọn adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án sì sọ ní 1998 pé ìyà náà ti pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ náà gbà! Bó bá ti kọ iye owó rẹ̀ sórí ìwé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ì bá gbà á.

Ìjáde ṣòro ju ìwọlé lọ. Bí ẹ bá ń wọ Amẹ́ríkà, ẹ ó bá òṣìṣẹ́ pàdé dandan, wọn yóò sì béèrè. Bí ẹ bá ń jáde, kò sí tábìlì aṣọ́bodè kankan lójú ọ̀nà yín. Ẹ ó gba ibi àyẹ̀wò kọjá, ẹ ó wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹnikẹ́ni lè má bi yín ní ohunkóhun. Síbẹ̀, òfin retí pé ẹ̀yin fúnra yín yóò wá wọn lọ. Ìwé tí wọ́n ń pè ní FinCEN 105 ni ẹ ó kọ, ẹ sì lè kọ ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé. Ti Ìlú Ọba náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣí sílẹ̀ láti wákàtí 72 ṣáájú ìrìn-àjò. Ní Nàìjíríà, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní pápákọ̀ òfurufú ni ẹ ó kéde rẹ̀ fún, ì báà jẹ́ pé ẹ ń jáde tàbí ẹ ń wọlé. Òfin tó wà lórí èyí láti 1995 ni wọ́n tún fún lókun ní 2022. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi lè pàdánù owó rẹ̀, ó sì lè dèrò ẹ̀wọ̀n.

Ìkéde nìkan kò tó o. Ní Ìlú Ọba, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2002 fún òṣìṣẹ́ láṣẹ láti gba owó tó bá ti pé pọ́n-ùn 1,000, tó bá fura pé ti ọ̀daràn ni. Ẹ̀rí ni yóò gbà yín. Bí owó bá ti báńkì wá, ẹ gba ìwé tó fi hàn pé ẹ gbà á jáde. Bó bá jẹ́ owó ilẹ̀ tí ẹ tà, ẹ mú ìwé títà dání. Owó àjọ àti èésú ló máa ń kó wa sí wàhálà, nítorí ìgbọ́kànlé la fi ń ṣe é, kò sí rìsíìtì. Ẹ ní kí alájọ kọ ìwé fún yín, kó fọwọ́ sí i, kó kọ déètì àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Ó wá kan fóònù àti kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè tí aṣọ́bodè ń bi ara rẹ̀ nípa wọn ni pé: ṣé ohun ìlò ẹni yìí ni, àbí ọjà, àbí ẹ̀bùn tí wọ́n rà? Fóònù tí ẹ ń lò àti laptop tí iṣẹ́ yín wà nínú rẹ̀ kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Fóònù mẹ́fà nínú páálí wọn, ọjà ni, ibi yòówù kí ẹ gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ìyá tó ń lọ bá ọmọ rẹ̀ tó bímọ ní London, tó ra fóònù tuntun dání fún àna rẹ̀, fóònù tó tó pọ́n-ùn 600. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tí iye rẹ̀ kò bá ju pọ́n-ùn 390 lọ kì í san owó orí. Ẹ má rò pé orí 210 tó ṣẹ́kù nìkan ni ìyá yóò san owó lé. Ohun kan ṣoṣo tó bá ti kọjá iye yẹn, orí gbogbo iye rẹ̀ ni wọn yóò ti gba owó orí. Bí bàbá bá sì bá ìyá lọ, kò lè yá a ní ìpín tirẹ̀.

Ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà, tó fẹ́ mú kámẹ́rà olówó ńlá wá sílé, ní ọ̀nà kan tí kì í tẹ́ni lára. Kó tó jáde, kó mú un lọ bá aṣọ́bodè, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sórí ìwé 4457, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Nígbà tó bá ń padà lọ, kò sẹ́ni tí yóò sọ pé òkè òkun ló ti rà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbí náà, ẹ ya fọ́tò rìsíìtì yín, kí ẹ kọ nọ́ńbà ara ohun èlò kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kékeré kan.

Power bank kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ́bodè, àmọ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ènìyàn. Inú báàgì ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe inú àpótí tí ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Iye agbára tó kọjá 100 Wh ń fẹ́ ìyọ̀ǹda ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ohun tó bá ju 160 lọ kò sì ní wọlé rárá. Bí wọ́n bá kọ mAh nìkan sára rẹ̀, ẹ fi 3.7 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi 1,000 pín in. Oní 20,000 yóò jẹ́ 74, ó yege. Oní 30,000 yóò jẹ́ 111, ẹ lọ tọrọ ìyọ̀ǹda.

Nígbà tí ẹ bá dé, tí ẹ ti gbẹ́rù, ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú Yúróòpù ẹ ó bá ọ̀nà méjì níwájú yín: ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ìkejì pupa. Aláwọ̀ ewé wà fún ẹni tí kò ní ohun tó fẹ́ kéde. Bí ẹ bá ti gbẹ́sẹ̀ síbẹ̀, ẹ ti bá ìjọba sọ̀rọ̀ láìla ẹnu, wọ́n sì lè fi ọ̀rọ̀ náà mú yín. Bí ohunkóhun bá wà lọ́wọ́ yín tí kò dá yín lójú, pupa ni kí ẹ gbà. Ẹ kí òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀, ẹ na ìwé yín sí i, kí ẹ sì dúró kó kà á tán.